Obìnrin Tó Nu Ojú Olúwa Lára Pátákó Kẹfà

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ka àwọn ọkùnrin tí mi ò kà sí láyé yìí, ọkọ àbúrò mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe olè. Kì í mutí. Kò na àbúrò mi rí. Àwọn tó ń yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ka gbogbo ìwọ̀nyí sí mi létí, bíi pé kéèyàn má ṣáà ti jalè ti tó láti sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ère ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbẹ́. Láti ọgbọ̀n ọdún wá, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ó wọ̀ nígboro wa tí ẹ ò ní bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀: áńgẹ́lì, àpọ́sítélì, Màríà, àgbélébùú tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó-Ti-Dáa ni wọ́n ń pè é, torí pé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kó ṣe, èsì kan náà ló ní.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Olówó kan wá bá a, ó ní òun fẹ́ fi ère Jósẹ́fù, ọkọ Màríà, ṣe ìrántí bàbá òun tó ti kú. Ó ti dáa. Ó ní kí ojú Jósẹ́fù jọ ojú bàbá òun. Ó ti dáa. Ó ní bàbá òun ò bọ́ awò ojú títí tó fi kú. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi awò yẹn sílé." Ó ti dáa ni tiẹ̀. Jósẹ́fù tó gbé òòlù dání, tó fi awò sójú, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa di òní. Àwọn ọmọdé máa ń kí i tí wọ́n bá ń wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, tíṣà."

Kì í ṣe òun nìkan ni mò ń bá wí o. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ò sàn jù ú lọ. Wọ́n gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì òpópónà kejì kọ́ ilé agogo, wọ́n ní tiwa gbọ́dọ̀ ga jù ú. Ó sì ga lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ tán ni wọ́n tó rí i pé kò sẹ́ni tó rántí fi àtẹ̀gùn sí i. Agogo wà lókè, kò sẹ́ni tó lè gòkè lọ nu ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára rẹ̀. Alága dìde nípàdé, ó ní ètò Ọlọ́run ni, pé a ó máa fi okùn fà á láti ìsàlẹ̀, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Èmi ni mò ń rán aṣọ àlùfáà àti ti ẹgbẹ́ akọrin, nítorí náà mo láyè láti jókòó sẹ́yìn nípàdé. Mi ò pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi ni ìyàwó Ó-Ti-Dáa. Ẹ̀yìn mi ló ti dàgbà, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ síbi iṣẹ́. Kò ga, kì í pariwo, bó bá wà nínú yàrá ẹ lè máà tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yin ọkùnrin yẹn, tiẹ̀ ni. Bí ọkọ bá ti fi irin gbẹ́ ère tán, àbúrò mi á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á gbé ère náà sórí itan, á máa fi sáńpépà ha á. Èyí tó le ló máa ń kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà èyí tó fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà á fi òróró pa á, á wá fi àkísà nu ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Tó bá ṣe tán, á di ojú ara rẹ̀ méjèèjì, á fi àtàǹpàkò tọ ojú ère náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Bàbá wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yìí ga ju tòsì lọ."

Ọkùnrin náà á yọjú wò ó, kò ní rí nǹkan kan. Á gbé irin, á gbẹ́ bíńtín kúrò níbi tó tọ́ka sí, ìgbà yẹn gan-an ni ojú ère náà á tó jí. Mo ti rí i àìmọye ìgbà. Àwọn èèyàn á wá máa pe Ó-Ti-Dáa ní ẹlẹ́bùn Ọlọ́run, òun náà á tẹrí ba, á gba gbogbo ẹ̀ kó sápò.

Ọdún méje sẹ́yìn ni ojú àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ ń kọlu àga tó ti wà lójú kan náà láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Dókítà yẹ ojú náà wò, ó ní iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ló ń kú, pé èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn kíkán kàn lè mú kí èyí tó kù pẹ́ díẹ̀ ni. Ọdún kan, bóyá ọdún kan àti ààbọ̀. Èmi ni mo bá a lọ. Ó-Ti-Dáa ní ère kan tó ti ṣèlérí fún ẹnì kan. Àbúrò mi ò sunkún níwájú dókítà. Èmi ni mo sunkún, òun ló ń tù mí nínú.

Àárín ìgbà yẹn ni iṣẹ́ pátákó mẹ́rìnlá dé. Fada fẹ́ kí ìrìn Jésù láti ilé ẹjọ́ dé ibojì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, méje lápá ọ̀tún, méje lápá òsì, igi gbígbẹ́, kí wọ́n sì wà níwọ̀n àyà èèyàn káwọn arúgbó má bàa máa na ọrùn. Lára pátákó kẹfà, obìnrin kan jáde láàárín èrò, ó fi aṣọ orí rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ àti òógùn kúrò lójú Jésù. Àbúrò mi kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ó bèèrè eléyìí.

"Bàbá wọn, ojú mi ni kí ẹ fún obìnrin yẹn. Mo fẹ́ rí ara mi níbẹ̀ kí ojú mi tó lọ."

"Ó ti dáa," ni Ó-Ti-Dáa wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò mi sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó di irun rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkọ ń fi pẹ́ńsù ya á sára pátákó. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, iwájú orí rẹ̀ àti imú rẹ̀ ti ń yọ nínú igi. Mo rí i, mo ní ó dáa náà, ó kéré tán ọkùnrin yìí á ṣe nǹkan gidi kan kó tó kú.

Ìgbìmọ̀ tún wá gbé tiwọn dé. Wọ́n kéde lórí pẹpẹ pé ìdílé kọ̀ọ̀kan lè fi pátákó kan ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, pé ẹni tó bá sì fi tọrẹ ló máa yan ojú tí wọ́n máa gbẹ́ sí i. Ẹ wá wo ìjàdù. Ọkùnrin tó bá Jésù gbé àgbélébùú di kọngílá tó kan òrùlé ilé Fada, òrùlé tó ń jò. Jòhánù di akápò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Pílátù. Àwọn ọmọ ogun tó ń na Jésù náà ò rí olórúkọ kankan gbà wọ́n, àfi kí Ó-Ti-Dáa fún wọn ní ojú tí kò sí láyé.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ìyàwó Alága wá. Mo wá kán oògùn sójú àbúrò mi, ó sì ń sùn nínú ilé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Lọ́fínńdà obìnrin náà kọ́kọ́ wọlé, òun náà tẹ̀ lé e. Ó fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó.

"Oníṣẹ́ ọnà wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ti fi ọ̀rọ̀ pátákó kẹfà sádùúrà. Ọlọ́run fi yé mi pé tèmi ni."

"Mọ́mì, pátákó yẹn, ó ti ní..."

"Ó ti ní kí ni?"

Ojú àbúrò mi wà nínú igi lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì, ó ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn láyé mi, ọjọ́ yẹn ni. Mo ní Ọlọ́run, jọ̀ọ́, fi "rárá" kan ṣoṣo sí i lẹ́nu, tó bá ti lò ó tán kó dá a padà.

"Ó ti dáa, mọ́mì."

"Ẹ má gbàgbé yẹtí mi o. Èyí tó wà létí mi yìí gan-an. Alága ló rà á fún mi."

Bó ṣe jáde ni mo ti ilẹ̀kùn. Mo bi Ó-Ti-Dáa bóyá ọkùnrin tiẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ó wí. "Bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. Pátákó mẹ́rìnlá ni. Bí Alága bá bínú, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi."

"Kí lo máa wá sọ fún ìyàwó ẹ?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ rò ó wò náà. Kí wọ́n tó gbé e kọ́ ògiri, ojú rẹ̀ á ti lọ pátápátá. Á gbà pé òun ni, inú rẹ̀ á máa dùn. Ta ni ìyẹn pa lára?"

Ó yẹ kí n gbá a létí. Ó yẹ kí n wọlé, kí n jí àbúrò mi, kí n sọ fún un. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, mo rí orí ọmọ tó wọ́, mo sì gba ibòmíràn kọjá. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé obìnrin tó ń lọ sínú òkùnkùn, ẹ jẹ́ kó mú ayọ̀ díẹ̀ dání lọ. Mo wọlé, mo gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, mo kán oògùn sí i.

"Ṣé ó ti ń jọ mí?" ó bi mí.

"Ó jọ ẹ́," mo wí.

Ẹ ò rí i, nígbà tí mò ń kẹ́gàn Ó-Ti-Dáa, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Kò jẹ́ kí àbúrò mi ha pátákó yẹn. Ó ní òun fúnra òun lòun máa ha á, pé òun fẹ́ kó bá a lójijì. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Gbogbo pátákó mẹ́tàlá yòókù ló ha, ojú rẹ̀ sì ń lọ bó ṣe ń ha wọ́n. Nígbà tó dé èyí tó kẹ́yìn, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́, síbẹ̀ kò sí ibi tó ṣì lára pátákó náà. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wo obìnrin tó ń di ojú kó tó lè rí àléébù, òun náà ló tún rò pé ojú nìkan lèèyàn fi ń ríran. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ pé, Bíṣọ́ọ̀bù wá, ó wọ́n omi mímọ́ sí pátákó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kálukú lọ dúró ti ojú ara rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo di apá àbúrò mi mú, mo ní ká máa lọ sílé, pé èrò ti pọ̀ jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí. Ẹ mú mi gba ọ̀dọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo mú un lọ. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pàdé ará àdúgbò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá Jésù gbé àgbélébùú, ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní, "Kọngílá, òrùlé Fada ń jò o." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí pé pátákó kẹfà ló kàn.

Ìyàwó Alága dúró síbẹ̀, Ó-Ti-Dáa dúró tì í, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń gba ìyìn. Bí ọkùnrin náà ṣe rí wa, ó já ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Àbúrò mi na ọwọ́. Aṣọ tí obìnrin inú igi náà mú dání ló kọ́kọ́ kàn, ó ní ọkọ òun gbẹ́ aṣọ náà dáadáa. Ó gba apá gòkè, ó dé àgbọ̀n, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ dé etí, ó dúró sórí yẹtí. Ó padà lọ sí iwájú orí, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fura sí àléébù kan.

"Ta nìyí?" ó bi mí.

Ìyàwó Alága ló bá mi dáhùn.

"Èmi ni, ìyá. Àbí kò jọ mí?"

Àbúrò mi kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Ó jọ yín dáadáa, mà. Ẹni yìí ò nu ojú ẹnikẹ́ni rí."

Kò gbé ohùn sókè. Ohùn tó fi ń sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ga ju tòsì lọ náà ló fi sọ ọ́. Alága wúkọ́. Fada ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo wá wo Ó-Ti-Dáa, torí pé bí ọkùnrin bá máa di ọkùnrin láyé, irú ibi bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó Alága ló tẹ̀ síwájú lọ bá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, mọ́mì. Ojú rẹ̀ ni ò ríran mọ́. Kò mọ ohun tó ń sọ."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò mi kàn wá ọwọ́ mi, ó ní ká lọ sílé. Kò fọwọ́ kan mẹ́jọ tó kù.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ó jọ mí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó mi orí, ó ní kí n bá òun bu omi tí a bá délé. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ di òní. Ì bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Bí Ó-Ti-Dáa ṣe gbé áńgẹ́lì kan sí i lórí itan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi ní ọwọ́ ń dun òun. Ó gbé òmíràn wá, ọwọ́ ṣì ń dùn ún. Kò gbé ìkẹta wá. Ó gba ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ ìhagi, ojú àwọn ère wá ń dán bí ẹyin, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan dá Màríà padà fún un, wọ́n ní ó dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn kan ní ẹ̀bùn ti kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń gbààwẹ̀ fún un. Mo gbọ́, mo pòṣé.

Nígbà tó yá, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Alága ránṣẹ́ pé kó wá gbẹ́ àga Bíṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ pé ó ní òun ò lè ṣe é. Mi ò gbà á gbọ́. Oṣù kan gbáko, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé, ó fi aṣọ wé nǹkan kan dání. Mo wà lẹ́bàá fèrèsé, mò ń lọ́ ẹsẹ̀ aṣọ akọrin. Àbúrò mi jókòó sórí àga rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú aṣọ náà, ó gbé e lé e nítan.

Mo ti rí gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn gbẹ́ láyé rẹ̀. Kò gbẹ́ irú rẹ̀ rí. Àbúrò mi ni, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bó ṣe wà kí àìsàn tó dé, ètè rẹ̀ fẹ́ là díẹ̀, bí ẹni tó ti rí àléébù tó sì ń ro bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dun èèyàn. Ojú irin ṣì wà lára igi náà, kò fi ẹ̀rọ kàn án. Mo wá èébú tí mo máa bú u, mi ò rí.

"Ìyá wọn, ìwọ ni," ó wí. "Mi ò tíì ha á. Fọwọ́ kàn án."

Láti ìgbà tí igi náà ti kan itan rẹ̀ ni àbúrò mi ti gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò. Ó kó wọn sí abíyá. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, a sì ń dúró, ọkùnrin yẹn lórí ìkúnlẹ̀, èmi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ bá mi gbé e kúrò lẹ́sẹ̀. Ó wúwo."

Mo dìde, mo gbé e. Ó wúwo lóòótọ́.